Ọfà Kẹfà

Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, ni Babalọlá kọ́kọ́ gbọ́ igbe náà. Ẹ̀yìn ògiri ilé rẹ̀ ní Kabusa ló ti wá, láti ọ̀dọ̀ Àlímátù, aládùúgbò rẹ̀.

Ọrun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì ní mínísírì, ọ̀sẹ̀ kejì sì rèé tó ti ń kọ́ ọfà títa lọ́dọ̀ Yàhàyá ọdẹ. Bàbá Yàhàyá tó ti kú ló gbẹ́ ọrun náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ irú rẹ̀ gbẹ́ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìdí ọfà wọ ọsán ọrun dáadáa kí ẹ tó fà á," ni Yàhàyá ti wí láàárọ̀. "Ẹ má sì dijú. Àdúrà kọ́ lẹ̀ ń gbà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò gbà."

Àlímátù ti yọjú sí Babalọlá láti ibi tí ògiri ti ya. "Bàbá Ànú, ẹ má ta wá lọ́fà o! Èmi nìkan kọ́ ni mo wà níbí." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó di ògiri mú, ó rọra ń padà lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí Yàhàyá ti lọ, Babalọlá tún mú ọfà mẹ́fà. Márùn-ún wọ inú àpò koríko tó gbé ti ògiri. Apá ti ń dùn ún nígbà tó kan ìkẹfà. Ó dijú, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọrun dún gbàù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n dé èjìká. Ìgbà náà ni igbe ta.

Ó ka ọfà tó wà lára àpò. Márùn-ún. Ó gbójú sókè wo orí ògiri.

Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Rísíkàt, ìyá ọkọ Àlímátù, ń fọwọ́ méjèèjì lu gèètì.

"Bàbá Ànú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gèètì! Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Àlímátù!"

Babalọlá sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, mọ́tò kan ṣoṣo tó wà ní òpópónà yẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti táyà.

"Mo mọ̀ pé ẹ wà nílé! Mo ń rí mọ́tò yín!"

Ó fi ìka di etí méjèèjì. Gèètì ń mì, ó ń mì, lẹ́yìn náà kò mì mọ́.

Ó ṣẹ́ ọrun náà lórí orúnkún. Ó kó o àti ọfà márùn-ún sórí ààrò, ó da kẹrosíìnì sí i, ó sì dúró tì í títí ó fi ku irin ẹnu ọfà nìkan.

Yàhàyá dé láàárọ̀ Sọ́ńdè.

"Ẹ̀gbọ́n, ọrun bàbá mi dà?"

Yàhàyá rìn lọ síbi tí Babalọlá máa ń dúró sí ta ọfà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọfà kẹfà nínú koríko ilẹ̀.

"Ẹ tún dijú, àbí? Ìdí ẹsẹ̀ yín ló bọ́ sí. Kò lọ síbì kankan."

Ohun tó ṣòfò ni ọrun kan, ọfà márùn-ún, àti ọmọbìnrin tí Àlímátù bí sórí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ọsibítù.