Ẹni Tó Ń Ro Ẹ̀kọ Nílé Ẹgbẹ́

Oṣù kan péré ni mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún àwọn aláìsàn, nígbà tó kàn mí láti sùn nílé ẹgbẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ orógùn nínú ìkòkò. Mo lọ wò ní ilé ìdáná. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ro ẹ̀kọ. Kò sí iná nínú àdògán.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó kàn na abọ́ ẹ̀kọ kan sẹ́yìn.

Ìyá Ṣọlápé, olórí wa, tí àwa méjèèjì jọ sùn níbẹ̀, di apá mi mú láti ẹ̀yìn.

"Gbà á, Tinúadé. Ṣáà má wo ojú rẹ̀, kì í ṣe alààyè."

Mo gbà á. Ẹ̀kọ náà gbóná, ó ń rú èéfín. Obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí wa.