Kọ́ọ̀sì Oṣù Mẹ́fà

Níní, àbúrò Raphael, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2025, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ to ẹja sórí àwọ̀n wáyà.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó ṣáájú, Raphael Adéjìmí di báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ kọ́ṣẹ́ wọ́dà, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ti wọn gíga rẹ̀, wọ́n ti yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti wo sátífíkéètì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni kọ́ọ̀sì náà. Yàrá kan ni òun, Níní àti ìyá wọn ń gbé nílé Àlàájà Sàwúdátù, ní àdúgbò Pedro. Ará Ìlàjẹ ni ìyá náà, ó ń yan ẹja tà, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé yẹn.

Àlàájà fúnra rẹ̀ ló ń gbé yàrá iwájú. Opó ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Mùtíù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà ní Dubai láti ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá ń jà lórí omi, Àlàájà á mú Dubai wọ̀ ọ́. Bí iná bá lọ, á ní iná kì í lọ ní Dubai.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà ní kọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Raphael tó rí fóònù olùkọ́ kan yá fún ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà nínú ẹja, ó ní kí Níní gbé e sí sípíkà. Raphael ní wọ́n ti fá orí àwọn. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, agogo á dún, àwọn á tò, wọ́n á ka àwọn. Àwọn á sáré títí ilẹ̀ á fi mọ́, lẹ́yìn náà àwọn á jókòó kọ́ òfin. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wá wo òun, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.

Àlàájà ń sá aṣọ nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Raphael, kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ti ń fárí?"

"Ti wọ́dà ni, Àlàájà."

"Tí wọ́n ń kà wọ́n bí ewúrẹ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ẹ̀wọ̀n lọmọ yín wà. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún kà wọ́n, wọ́n á wá tilẹ̀kùn."

Raphael kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn lórí fóònù.

Ìyá rẹ̀ wọlé lọ mú ìwé tí wọ́n fi gba ọmọ náà síṣẹ́. Babájídé, ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, gbà á, ó nà án sí oòrùn, ó fi èékánná ha sítáǹbù rẹ̀.

"Mọ́mì, iṣẹ́ yìí mọ́ o. Ẹni tó ṣe é gbówó. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní wákàtí kan péré, màá sọ ẹ̀yin gan-an di ọ̀gá àgbà wọ́dà."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, "Ìyá Wọ́dà" ni wọ́n ń pè é. Bí Níní bá ń kọjá lọ, àwọn obìnrin á ká aṣọ wọn kúrò lórí okùn. Nígbà tí bákẹ́ẹ̀tì ẹnì kan sọnù, wọ́n ní kí wọ́n lọ bi Ìyá Wọ́dà.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Àlàájà á wí. "Ọmọ á wẹ̀wọ̀n, ìyá á ní ó lọ sí kọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa."

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni àgbàlá máa ń dákẹ́. Àlàájà a gbé kúlà oúnjẹ, a lọ sí àsàlátù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a sì di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án, ó fún Ìyá Raphael ní kúìtì. Kí oṣù kẹwàá tó parí, kí wọ́n ti kó jáde. Babájídé ló tẹ ìwé náà, kò gba kọ́bọ̀.

"Àlàájà, ẹ dákun. Ọdún mọ́kànlá."

"Mi ò lè gbé ìyá olè sílé. Mùtíù mi ń bọ̀ láti Dubai. Ṣé kó wá bá irú èyí nílé bàbá ẹ̀ ni?"

Ìyá Raphael wá yàrá dé etí omi ní Bariga. Onílé kan ti fẹ́ gbà á, ó wá bi í bóyá òun ni ìyá ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Pedro. Bó ti padà délé, ó jókòó sórí àpótí ẹja.

"Níní, má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ jalè ni?"

Níní náà ti ń rò ó.

Kọ́ọ̀sì parí ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá. Wọn kò jẹ́ kí Raphael yà sílé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Èkó ni wọ́n gbé e lọ tààrà, nínú kakí tuntun, wọ́n sì fi í sídìí tábìlì ẹnu géètì, níbi tí àwọn tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bi gbogbo àlejò ní ẹni tí wọ́n wá wò, ohun tí ẹni náà jẹ́ sí wọn, àti ìgbà tí wọ́n ti ń wá, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọjọ́ tí Àlàájà fọwọ́ ara rẹ̀ ya kúìtì náà, obìnrin kìíní tó dé iwájú tábìlì Raphael kò gbójú sókè wo wọ́dà tuntun náà títí ó fi dáhùn tán: "Mùtíù, ọmọ mi ni, ó di ọdún mẹ́ta báyìí."