Ọmọṣẹ́ Ìyá Aládìrẹ

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ìyá Àríyíkẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára àdìrẹ. "Màámi, n ò ráyè," ni èsì rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbà tí ìyá kú tán ló ráyè. Ó ya fọ́tò gbogbo àdìrẹ tí ìyá ṣe, ó kó o fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dá yàwòrán kó fi kọ́ ọnà ìyá, ayé sì rọ́ wá síbi àfihàn rẹ̀ l'Abẹ́òkúta.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí èrò tú ká, ó paná, ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà lára ògiri. Bó ṣe fẹ́ tilẹ̀kùn, òórùn aró gba imú rẹ̀. Nǹkan kan sì ń ha aṣọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìyẹ́.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ojú ẹ̀rọ tó ti pa ń tàn, ìlà funfun kan ń wọ́ lọ lára rẹ̀.

"Rọra fà á, ọmọ mi."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Àríyíkẹ́ bú sẹ́kún. "Màámi, mo ti dé! Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà!"

Ìlà náà dúró.

"Má dá a lóhùn, ọmọ mi," ni ìyá sọ fún ẹ̀rọ náà. "Àlejò ni. Kò ráyè jókòó."