Ohun Tí Ojú Alhaji Rí

Ìwé kan wá láti Ìlọrin ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ilé ìwòsàn ìgbèríko tó bá kó gbogbo káàdì aláìsàn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí oṣù kọkànlá tó parí, ìjọba yóò fún un ní fíríìjì oníkẹrosíìnì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Èyí tí kò bá yege, ó di ọdún mìíràn, bí ọdún mìíràn bá wà.

Ilé ìwòsàn kan wà lọ́nà Ìdòfin, níwájú ilé ìlọta tí Ṣítù ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun sí. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fíríìjì yìí tó Bàbá Igbẹ́kọ̀yí, akọ̀wé tó ń tọ́jú káàdì. Lọ́dún tó kọjá, ooru ti ba abẹ́rẹ́ èéyi jẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ mọ́kànlá ni èéyi pa láàárín oṣù kan. Tọ̀mídé, ọmọ ọmọ Bàbá, wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ló fi kọ̀ǹpútà kan ta wọ́n lọ́rẹ. NEPA ò débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ń tan án. Bàbá ti fi ogún ọdún tẹ táípù ní káńsù, kì í wo bọ́tìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ mọ̀nà ilé. Moróhunfọ́lá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, á ka káàdì sókè, Bàbá á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tó bá tán, Moróhunfọ́lá á tún ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ padà fún un. Káàdì irinwó ó lé méjìlá ni, oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró lójú fèrèsé wo àgbàlagbà tó ń tẹ kọ̀ǹpútà tó sì gbójú sókè bí ẹni ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá láti Ìlọrin ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ náà wò, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá. Bàbá dé ní aago mẹ́jọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ ti ń dún lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó pe Moróhunfọ́lá, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó gbà pé ọmọ náà ti tan iná, ó wá lọ pọnmi. Ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó ń dúró.

Bàtà tó wọlé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ kì í ṣe ti Moróhunfọ́lá.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Èmi ni Alhaji Àlímì, láti Ìlọrin. Mo tètè dé." Ó na ọwọ́ sí i. Bàbá dìde, ó kàn tẹríba. Alhaji ká ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ kú àbọ̀, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á dúró de nọ́ọ̀sì. A jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ni."

"Mo gbọ́dọ̀ dé Òsí àti Òbò-Ayégúnlẹ̀ kí n tó kírun ọ̀sán. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tọ́jú káàdì?"

"Èmi ni."

"Ó yá, ẹ jẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìwà mi o: ohun tí ojú mi ò bá rí, ọwọ́ mi kì í kọ ọ́. Ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ni mo ti yẹ̀ wò. Méjì ló yege."

Alhaji lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó fa káàdì mẹ́wàá yọ, ó sì jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló kọ sí i.

"Rafiat Lábọ̀dé."

Bàbá tẹ orúkọ náà. Ó dúró díẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Oyún kejì. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ló wá kẹ́yìn."

Alhaji fàmì sí ìwé. "Keziah Adéṣọlá."

"Ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Kò dín in kù."

"Ìyẹn ò sí nínú káàdì."

"Ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n ni." Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Wọ́n ṣe é dórí ìkẹsàn-án, kò sí àṣìṣe. Bàbá ń dẹtí sí ẹsẹ̀ Moróhunfọ́lá, ariwo ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ́.

"Tọ̀mídé Igbẹ́kọ̀yí," ni Alhaji wí.

Bàbá ò tẹ nǹkan kan.

"Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀." "Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Kílò méje ààbọ̀. Wọ́n gbé e wá gba abẹ́rẹ́ èéyi, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e padà wá. Wọn ò gbé e wá mọ́."

Alhaji wo káàdì náà títí. "Kí ni orúkọ tiyín, Bàbá?"

"Igbẹ́kọ̀yí. Ọmọ ọmọ mi ni."

Alhaji dìde, ó yí tábìlì po wá sẹ́yìn Bàbá, ó dúró síbẹ̀.

"Ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà fún mi ló wà lójú ẹ̀rọ yìí?"

"Òun ni, Alhaji. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

"Mò ń wò ó."

Lẹ́yìn náà ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fojú ara òun rí i, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀. "Fíríìjì yín á dé kí Kérésìmesì tó dé," ó wí, ó sì bọ́ sọ́nà Òsí. Bàbá jókòó síbẹ̀, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i tí ọ̀kadà kan já Moróhunfọ́lá sílẹ̀, ó sì sáré wọlé tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí, ó ń mí hẹlẹ, "epo jẹnẹrétọ̀ ló tán, Ìlọ́fà ni mo ti wá rí díẹ̀ rà, ẹ jẹ́ n rọ ọ́ kíá ká lè tan kọ̀ǹpútà kí ọ̀gá Ìlọrin tó dé." Bàbá yí etí sí ẹ̀rọ Ṣítù tó ń lọ àgbàdo lẹ́yìn ilé, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ó ń fi í wá ojú kọ̀ǹpútà tí ojú tirẹ̀ ò rí rí, nígbà tó sì kàn án, ó tutù bí ohun tí iná ò wọ̀ láti àárọ̀.