Àfòpiná Tí Kò Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní abúlé Ìdí-Èmí, ní Òkè-Ògùn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèwùmí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń ṣẹ́ nǹkan kù. Lásìkò òjò, kí iṣu tuntun tó jáde, kànní ni ẹran àwọn ará ibẹ̀: kòkòrò onírun tí ń jẹ ewé igi èmí. Oyèwùmí a kó èyí tó wà lórí igi tán, a sì tún fi ọkọ́ wú èyí tó ti wọlẹ̀ lọ sùn.

Àwẹ̀ró, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló bá a sọ ọ́. "Ọkọ mi, èyí tó wọlẹ̀ yẹn ni irúgbìn àmọ́dún. Ẹ jẹ́ kó sùn."

"Ìyàwó wa, ṣé ilẹ̀ ni kó máa bá wa jẹ ẹran ni?"

Àwẹ̀ró kò bá a jà. Igi èmí mẹ́sàn-án ni Oyèwùmí ní, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ló kan òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ó kó ìwọ̀nba níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán làwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ abẹ́ igi rẹ̀ là. Kànní ọjọ́sí ti di àfòpiná ńlá. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọ̀ mọ́ èèpo igi títí ìyẹ́ wọn fi gbẹ, tó sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Oyèwùmí dé, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan.

"Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí.

Oyèwùmí wò ó títí. Kò rí ẹnu tó lè fi jẹun.

"Ohun tó jẹ ní kékeré ló fi ń yé ẹyin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò kú. Ọmọ tí kò ní fojú rí ló ń ṣiṣẹ́ fún."

Oyèwùmí ká ọwọ́ kò, ó lọ.

Lọ́dún náà, kò sí kànní kan lórí igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Oyèwùmí. Ti Àwẹ̀ró kún bámúbámú. Ìtìjú kò jẹ́ kí ọkùnrin náà yọjú, ni Àwẹ̀ró bá gbé agbọ̀n méjì lọ bá a nílé.

"Ẹ se ọ̀kan fún àwọn ọmọ. Ẹ kó èkejì sórí igi yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wọlẹ̀."

Oyèwùmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún obìnrin tó ń pè é ní ọkọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń jẹun, ẹ rántí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ẹbù iṣu se àsáró, ebi ni yóò wa lóko.