Àhesọ Tó Tú Ìgbéyàwó Ká

Aránṣọ kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí etí rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́ délẹ̀, á fi èrò tirẹ̀ parí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò. Ó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró, ó tẹ́tí.

"Rárá o, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ti gbó jù fún mi, inú rẹ̀ ò sì mọ́. Ẹni tó bá wù ni kó máa gbé e lọ."

Aránṣọ lanu. Ọkọ àfẹ́sọ́nà fi ọdún méjìlá ju ọmọ yìí lọ. Ta tún ni wọ́n ń bá wí? Kò béèrè. Bí ọmọ náà ṣe jáde báyìí, oníbàárà kan wọlé, aránṣọ sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ìyàwó ti kọ ọkọ."

"Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ní inú ọkùnrin náà ò mọ́."

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ fi dé etí ọkọ, wọ́n tiẹ̀ ti fi kún un pé ìyàwó ti ní ọkùnrin mìíràn. Ojú tì í. Ó ní òun ò ṣe mọ́, ó gba ìlú mìíràn lọ.

Ọmọ náà tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?" ló ń bi ẹni kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ gbọ́ gan-an?"

Aránṣọ tún un sọ. Ọmọ náà ní:

"Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń sọ, Àǹtí. Kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù tí káfíńtà fẹ́ tà fún mi. Aáyán ló kún inú rẹ̀."

"Háà! Àhesọ lásán mà ni mo sọ..."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gé aṣọ nítòsí gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ àhesọ? Ohun tí o he nílẹ̀ tí ò ń sọ kiri ni. Ẹni tó ni ín wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, o ò bi í. Kó ẹrù rẹ."

Ọkọ gbọ́ òótọ́, ó wá bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ọmọ náà ò gbà. "Ó yẹ kí ìwọ náà ti bi mí," ló wí.

Aránṣọ háyà yàrá kékeré kan tó ti ń ránṣọ. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ á ti parí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á dúró kó wọ̀n wọ́n, wọ́n á panu mọ́. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, lára ògiri onífọ́tò ni aránṣọ ti rí àwòrán ìgbéyàwó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, aránṣọ yìí ò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ìtumọ̀ tó fún ohun tó gbọ́ ló ba ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ta sí wa létí tí a fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ni ín. Bí a ò bá lè bi í, ká yáa fi sílẹ̀ níbi tí a ti gbọ́ ọ.