Ìjà Lórí Ohùn Mẹ́rin

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílé iṣẹ́ náà, ní Osaka, pé Mizoguchi àti Tokita kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Mizoguchi ló ń ya àwòrán bí ẹ̀rọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tuntun tí wọ́n ń ṣe yóò ṣe máa fọhùn. Tokita ló ń ṣe orin rẹ̀. Tokita nìkan ni obìnrin tó kù ní ẹ̀ka wọn, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ti fún un ní òdòdó pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, bí wọ́n ti ń ṣe fún obìnrin tó bá ṣègbéyàwó.

Ọ̀gá wọn, Ubukata, kò ka ẹnì kankan nínú wọn sí. Lójú tirẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, kó ṣáà ti dún pí, kó dún pó. Ó ti pinnu pé ohùn méjì péré ni ẹ̀rọ náà máa lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pè wọ́n wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láti sọ fún wọn, àmọ́ Tokita ti bẹ̀rẹ̀ kó tó la ẹnu.

“Ọ̀gá, ẹ wo ìdọ̀tí tí wọ́n yà fún mi. Ohùn méjì fún orin, ọ̀kan tó ń kùn nísàlẹ̀, ìkẹrin ń ṣe ṣáà bí omi lórí irin gbígbóná. Mẹ́fà ni mo fẹ́.”

Mizoguchi kò wojú rẹ̀. “Ẹ fún wọn ní ogún, orin yànmùyánmú náà ni wọn yóò fi kọ.”

“Ẹ gbọ́ ẹni tí kò mọ orin kankan ju aago ilé ẹ̀kọ́ lọ.”

“Mẹ́rin ni. N ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Ẹ yọ èyí tó ń ṣe ṣáà, ìlù ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ ti ìsàlẹ̀, orin yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.”

“Ìgbà wo ló ní ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Àwọn tó wà níta ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tokita ní bí òun ò bá rí mẹ́fà, òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààrẹ ilé iṣẹ́. Mizoguchi ní bí wọ́n bá fi ọ̀kan péré kún un, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ubukata rọra ń mu tíì rẹ̀. Ó ń gbádùn wọn.

Níkẹyìn ó gbá tábìlì. “Ó tó. Orí yín ò pé, ẹ̀yin méjèèjì. Tokita, o ò ní rí mẹ́fà, lọ fi mẹ́rin ṣe é. Mizoguchi, má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe nítorí tìẹ.”

Ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí àwòrán náà. Tokita jáde láì tẹríba. Ubukata sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń kápá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ti ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kó tó rántí pé méjì lòun fẹ́, àwòrán sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ṣe é.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn ti sọ̀ kalẹ̀, Mizoguchi gba àpò lọ́wọ́ Tokita, ó fi orúkọ àbísọ pè é, ó ní, “Natsue, o sáré sọ ọ́ jù lónìí, bí a ṣe fi ìjà yìí dánra wò nínú ilé ìdáná wa lánàá dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.”